Eérú Táyà àti Iná Tó Kú: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Irin Wúwo nínú Àgbá Gáàsì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́. Alága ní kí n má pẹ́, mo sì ti gbà fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe oníṣẹ́ ìgbẹ́ wá sọ̀rọ̀ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ kì í tán bọ̀rọ̀.

Iná kan tó kú ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣe àgbá gáàsì kan, ìyẹn àgbá tí à ń da ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí sí kó lè di gáàsì ìdáná, sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ẹran kan. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wá níbi. Ìgbẹ́ inú ṣàkì là ń dà sí i, pẹ̀lú omi tí àwọn alápatà fi ń fọlẹ̀. Odidi oṣù mẹ́rin ni iná rẹ̀ fi jó búlúù, tí ìyá alámàlà kan tó wà lẹ́bàá ibẹ̀ ń fi í se gbẹ̀gìrì láìra kẹrosíìnì. Lẹ́yìn Iléyá, iná bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó di pé ó ń ṣẹ́jú. Nígbà tó yá, a ṣáná sí i, kò gbà. Bẹ́ẹ̀ gáàsì ṣì ń jáde o! Ẹ ó máa gbọ́ ọ tó ń ṣe ṣìì lẹ́nu hóòsì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ìṣáná sún mọ́ ọn, ṣe ni yóò fẹ́ ìṣáná náà pa.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á ti mọ ohun tí ìyẹn ń wí. Gáàsì tó ń ti inú ìgbẹ́ jáde, èyí tí òyìnbó ń pè ní biogas, kì í ṣe ẹyọ kan. Nínú àgbá tí ara rẹ̀ dá, mẹ́téènì tó ń jó máa ń wà láàárín ìdá 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú èyí tó kù, kábọ̀n dàyọ́sáídì ló pọ̀ jù, òun kì í jó, ó máa ń paná ni. Tí gáàsì bá ń jáde tí kò jó, a jẹ́ pé, nínú àwọn kòkòrò tí ojú ò rí tó wà nínú àgbá, àwọn tó ń ṣe kábọ̀n dàyọ́sáídì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó ń ṣe mẹ́téènì ló ti kó irinṣẹ́ wọn nílẹ̀.

Àjẹjù la kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Màlúù tí wọ́n pa nígbà Iléyá pọ̀, ìgbẹ́ pọ̀, a sì ti rọ́ ọ sí àgbá lẹ́nu. Àgbá tó bá jẹun jù máa ń kan, bí ògì tó ti pẹ́ lórí omi. A dáwọ́ oúnjẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Iná padà, ó tilẹ̀ fẹ́ máa búlúù. Inú wa dùn. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Kò pé ọjọ́ mẹ́fà tí iná tún kú. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ju àjẹjù lọ: oúnjẹ náà ló lóró.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan ló tọ gọ́tà lọ sókè. Ó padà wá, ọwọ́ rẹ̀ dúdú bíi ti mẹkáníìkì, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wo ibi tí wọ́n ń wí awọ." Kí Iléyá tó dé, ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n ti máa ń fi táyà wí awọ màlúù fún pọ̀nmọ́. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀, wọ́n gbé e wá sókè gọ́tà tiwa. Eérú táyà bo ilẹ̀, wáyà wẹ́wẹ́ inú táyà lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, gbogbo omi tí wọ́n bá sì fi fọ ibẹ̀ ń tọ gọ́tà bọ̀ wá sínú àgbá wa tààrà.

Táyà kì í ṣe rọ́bà lásán. Wọ́n máa ń po síǹkì mọ́ rọ́bà nígbà tí wọ́n bá ń sè é kó lè le: nínú 100 kílò táyà, síǹkì inú rẹ̀ tó kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Wáyà inú rẹ̀ náà, idẹ ni wọ́n fi bò ó kí rọ́bà lè dì mọ́ ọn, idẹ ọ̀hún sì jẹ́ àpòpọ̀ bàbà àti síǹkì. Rọ́bà á jó lọ, èéfín á gba ojú ọ̀run lọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú síǹkì ò ní ibi tí í rè. Inú eérú ló ń kó jọ sí. Mo bu eérú náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Síǹkì ni wọ́n rí jù nínú àwọn irin olóró tí mo ní kí wọ́n wá, bàbà àti òjé tẹ̀lé e.

(Mo fẹ́ràn pọ̀nmọ́ o. Kí ẹnikẹ́ni má jáde níbí lọ sọ pé mo ní kí wọ́n má jẹ ẹ́ mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé igi wà, gáàsì wà. Táyà kì í ṣe ohun ìdáná.)

Èdè wa ti ní orúkọ fún púpọ̀ nínú àwọn irin tí à ń sọ yìí láti ayébáyé. Bàbà, a mọ̀ ọ́n. Òjé, tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń fi ṣe ẹ̀gbà, tí apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kó lè rì, a mọ̀ ọ́n. Síǹkì, níkẹ́lì, kóbọ́ọ̀tì, kádímíọ́ọ̀mù, mẹ́kúrì, ẹnu òyìnbó la ti gbà wọ́n. N ó máa pe gbogbo wọn pọ̀ ní irin wúwo. Irin gan-an, èyí tí alágbẹ̀dẹ ń lù, n ó máa pè é ní irin adógùn-ún kó má bàa dà pọ̀ mọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká yọjú wo inú àgbá. Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì pín iṣẹ́ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwọn kan ń gé oúnjẹ sí wẹ́wẹ́. Àwọn kan ń sọ ọ́ di kíkan. Ẹni tó bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú rí mọ òórùn iṣẹ́ wọn. Àwọn kẹta á sọ kíkan yẹn di ásíìdì inú fínígà àti háídrójìn, ìgbà yẹn ni àwọn tó ń ṣe mẹ́téènì yóò tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Fùfú dúró síbi kíkan. Àgbá gáàsì gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀, tí kò bá kọjá, kò sí iná.

Àwọn tó gbẹ̀yìn yìí yàtọ̀. Wọn kì í ṣe bakitéríà rárá. Ọdún 1977 ni Carl Woese àti George Fox ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìdílé tiwọn dá dúró, èyí tí wọ́n ń pè ní archaea lónìí. Ọ́síjìn ń pa wọ́n. Kíkan ń dà wọ́n láàmú. pH, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó (bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni kíkan ṣe ń pọ̀ sí i), bíi 6.8 sí 7.5 ló bá wọn lára mu. Wọn kì í sì í tètè bí sí i. Àwọn tó ń ṣe ásíìdì lè di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn wọ̀nyí á lo odidi ọjọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn á lo ju ẹyọ kan lọ. Nítorí náà, bí ìyà kan bá jẹ gbogbo ará inú àgbá lọ́jọ́ kan náà, àwọn ni yóò pẹ́ dìde jù. Kíkan á máa pọ̀ sí i, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ò sí nílé.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé irin wúwo ń pa àgbá gáàsì, ó parí. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ní 1979, Rolf Thauer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Marburg, ní Jámánì, fi hàn pé kòkòrò tó ń ṣe mẹ́téènì kò lè dàgbà láìsí níkẹ́lì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rí ìjókòó níkẹ́lì náà: àárín gbùngbùn ohun kan tó pọ́n rúsúrúsú, tí wọ́n ń pè ní F430. Orí níkẹ́lì yìí ni ìgbésẹ̀ ìkẹyìn ti ń ṣẹlẹ̀, níbi tí mẹ́téènì ti ń já gbà. Mẹ́téènì inú ikùn màlúù, mẹ́téènì inú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà, mẹ́téènì inú àgbá yín, níkẹ́lì ló gbẹ̀bí gbogbo wọn. Kóbọ́ọ̀tì náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, inú ohun kan tó jọ fítámì B12 ló ń gbé. Irin adógùn-ún ni wọ́n ń lò jù nínú gbogbo wọn.

Ẹ rí i pé ebi irin lè pa àgbá. Mo mọ àgbá kan tó jẹ́ pé ìyókù oúnjẹ láti ilé oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń fún un: ìrẹsì, ẹ̀bà, mọ́ínmọ́ín. Ó ṣe dáadáa fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kan láìnídìí, bẹ́ẹ̀ kò sí májèlé kankan níbẹ̀. Níkẹ́lì àti kóbọ́ọ̀tì tó bá ìgbẹ́ tí wọ́n fi kọ́kọ́ sọjí ẹ̀ wá ló ti ń bá omi jáde díẹ̀díẹ̀, oúnjẹ tuntun ò sì gbé òmíràn wá tó. Garawa ìgbẹ́ màlúù kan lọ́sẹ̀ ló tún un ṣe. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Kí ló wá ń sọ irin di májèlé nígbà tó bá pọ̀? Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn irinṣẹ́ inú kòkòrò, ní apá kan lára tí imí-ọjọ́ (tí òyìnbó ń pè ní sulphur) wà, apá yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń di nǹkan mú. Bàbà, òjé, kádímíọ́ọ̀mù àti mẹ́kúrì fẹ́ràn imí-ọjọ́ bí eṣinṣin ṣe fẹ́ràn ojú egbò. Wọ́n á bà lé e, wọn ò ní sí kúrò, irinṣẹ́ náà ò ní wúlò mọ́. Ti síǹkì tó pọ̀ jù tún ní ọ̀nà mìíràn: á lọ jókòó síbi tó yẹ kí irin mìíràn jókòó, bí èrò tó wọ mọ́tò láìlówó lọ́wọ́. Ó ti gba àyè, awakọ̀ ò sì rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé mílígíráàmù mélòó ló ń pa àgbá. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹ bá ka ìwádìí mẹ́wàá, ẹ lè rí nọ́ńbà mẹ́wàá, kí gbogbo wọn sì jẹ́ òótọ́. Irin tó yọ́ sínú omi, tó ń rìn fàlàlà, ni kòkòrò ń bẹ̀rù. Èyí tó ti dì, tó ti rì sí ìsàlẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Yàrá àyẹ̀wò tó kàn sọ iye síǹkì tó wà nínú ìgbẹ́ yín lápapọ̀ kò tíì sọ èyí tí ẹ fẹ́ gbọ́.

Ohun tó ń mú un dì jù lọ ni nǹkan tí gbogbo wa kórìíra. Imí-ọjọ́ wà nínú ìgbẹ́; àwọn kòkòrò kan á sọ ọ́ di gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Gáàsì yẹn ń jẹ ẹnu ẹ̀rọ wa tó jẹ́ idẹ, ó ń jẹ bàbà, tó bá sì pọ̀ nínú yàrá tí kò sí atẹ́gùn, ó lè pa èèyàn. Síbẹ̀ aláàbò ni nínú àgbá. Tó bá pàdé síǹkì tó yọ́, àwọn méjèèjì á dì mọ́ra, wọ́n á rì. Ìṣirò rẹ̀ ò le: gíráàmù 32 imí-ọjọ́ ló ń mú gíráàmù 65 síǹkì, ìyẹn ni pé ààbọ̀ gíráàmù tó gíráàmù kan. Láti 1965 ni Lawrence àti McCarty ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé lórí ààbò yìí.

Ẹ ti rí bí omi ìgbẹ́ inú àgbá ṣe ń dúdú bí aró? Irin adógùn-ún àti imí-ọjọ́ tó dì mọ́ra ló pọ̀ nínú dúdú yẹn. Mo fẹ́ràn dúdú náà. Irin adógùn-ún kì í di imí-ọjọ́ mú pinpin. Bí bàbà, síǹkì tàbí òjé bá dé tí wọ́n nílò rẹ̀ jù ú lọ, á yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn. Àgbá tó dúdú dáadáa ní owó nípamọ́ tó fi lè gba irin olóró díẹ̀ láìṣubú.

Kíkan ló ń ba ètò yìí jẹ́. Bí pH bá ti ń wálẹ̀, púpọ̀ nínú irin tó ti dì, àti síǹkì inú eérú pàápàá, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Irin tó yọ́ á fìyà jẹ àwọn tó ń jẹ kíkan; kíkan á pọ̀ sí i; òmíràn á tún yọ́. Ẹ padà sí odò ẹran wa. Oúnjẹ Iléyá mú àgbá kan díẹ̀, ohun tó lè fara dà ni. Ṣùgbọ́n eérú táyà ti wà níbẹ̀, kíkan yẹn ló sì tú síǹkì inú rẹ̀ sílẹ̀. Àjẹjù tí a fẹ̀sùn kàn kò jẹ̀bi tán, kò sì jàre tán.

Níbo ni irin wúwo tún ti lè bá ìdọ̀tí wọlé nílẹ̀ wa níbí? Ẹ̀yin ará Oǹdó àti Ọ̀ṣun tí ẹ wà níbí, ẹ̀ẹ̀pó kòkó ni n ó kọ́kọ́ bá yín sọ. Oògùn búlúù tí ẹ ń fín sí kòkó nígbà òjò kí pódì má bàa dúdú, bàbà ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ara ẹ̀ẹ̀pó ló ń bà sí. Ẹ̀ẹ̀pó tí wọ́n fín oògùn sí láìpẹ́ kọ́ ló yẹ kí ẹ kó sí àgbá lójijì. Ìgbẹ́ adìẹ àti ti ẹlẹ́dẹ̀: wọ́n ń po síǹkì àti bàbà mọ́ oúnjẹ wọn kí wọ́n lè dàgbà, ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ń yà jáde. Ní Yúróòpù, láti oṣù kẹfà 2022 ni wọ́n ti fòpin sí fífi síǹkì púpọ̀ wo ìgbẹ́ gbuuru ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ sì ni bó ṣe ń kó jọ sínú ilẹ̀.

Ààtàn ọjà nìkan ni mo máa ń sá fún pátápátá. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wáyà tí wọ́n jó kí wọ́n lè yọ bàbà inú rẹ̀, gíláàsì iná, gbogbo rẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ewé ẹ̀fọ́ àti ọsàn jíjẹrà kí ọkọ̀ ìdọ̀tí tó dé. Ẹ gba ewé lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kó tó dé ààtàn.

Gbéborùn ńkọ́? Ẹ̀yin tó wá láti Bàdágìrì àti Ìlàjẹ mọ̀ ọ́n, ewé tó bo omi, tó ń dènà ọkọ̀ ojú omi. Ní 1984 ni wọ́n rí i lójú omi Bàdágìrì, ó ti apá Bẹ̀nẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ ló ti ní ká fi ṣe gáàsì, òótọ́ sì ni pé ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn tí ewé yìí mọ̀ ọ́n ṣe ni pé ó ń fa irin wúwo látinú omi. Ibòmíràn wà tí wọ́n ń gbìn ín tọkàntọkàn kó lè fọ omi ẹlẹ́gbin. Orúkọ ọ̀hún bá a mu: ohun tí wọ́n bá dà sódò lóru, ara gbéborùn lẹ ó ti gbọ́ ọ. Gbòǹgbò ló ń kó o pamọ́ sí jù. Tí mo bá máa lò ó, n ó gé gbòǹgbò rẹ̀ sọ nù, n ò sì ní kó èyí tó wà létí ibi tí ilé iṣẹ́ ń da omi sí.

Àgbá fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Dúróòmù tó ti gbé ọ̀dà tàbí kẹ́míkà rí, kò dára. Dúróòmù tí wọ́n fi síǹkì bò, ásíìdì á máa bó síǹkì náà díẹ̀díẹ̀. Táǹkì oníke ni kí ẹ rà.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Kòkòrò lè jẹ ìgbẹ́, kò lè jẹ irin. Ẹ jẹ́ ká sọ pé a rọ ìdọ̀tí gbígbẹ 100 kílò sí àgbá, tí kílò kọ̀ọ̀kan ní mílígíráàmù 100 síǹkì. Gbogbo síǹkì ibẹ̀ jẹ́ gíráàmù mẹ́wàá. Ìdajì ìdọ̀tí náà di gáàsì, a fi se ọbẹ̀. Kílò 50 ló kù. Síǹkì ṣì jẹ́ gíráàmù mẹ́wàá. Kílò kọ̀ọ̀kan ti wá ní mílígíráàmù 200. Bí àgbá bá ṣe ṣiṣẹ́ dáadáa tó ni irin ṣe ń ki sí i nínú ohun tó kù, ohun tó kù yìí sì ni à ń gbé fún àgbẹ̀ pé ajílẹ̀ tó dára ni. Ó dára lóòótọ́, tí ohun tó wọlé bá dára.

Ìjọba Yúróòpù ti ṣòfin lórí èyí láti 1986, fún ẹrẹ̀ omi ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sóko. Òkè téńté tí síǹkì lè dé ni wọ́n fi sí láàárín mílígíráàmù 2,500 sí 4,000 nínú kílò kan. Ti bàbà, 1,000 sí 1,750. Ti òjé, 750 sí 1,200. Ti kádímíọ́ọ̀mù, 20 sí 40 péré. Ẹ wo bí wọ́n ṣe bẹ̀rù kádímíọ́ọ̀mù tó. Ewéko ń fà á wọ inú ewé rẹ̀ wẹ́rẹ́, kíndìnrín èèyàn ló sì ń forí pamọ́ sí. Òjé ní tirẹ̀, a ò ní láti lọ jìnnà: ní 2010, ní Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta kí wọ́n lè rí wúrà nínú rẹ̀, ekuru òjé tó wà nínú òkúta náà pa ju 400 ọmọdé lọ. Àgbá gáàsì kọ́ ló fa tibẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tó ń jẹ́ òjé kí ẹ tó gbà á láyè létí oko ẹ̀fọ́.

Yàrá àyẹ̀wò wọ́n, mo mọ̀. Ọ̀nà kan wà tí èmi ń gbà mọ ìdọ̀tí tó lóró kí n tó rọ ọ́ sí àgbá. Ẹ wá ike omi onílítà kan àbọ̀ mẹ́ta. Ike o, kì í ṣe ìgò, torí ìgò lè bẹ́. Ẹ bu lítà kan omi ìgbẹ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, látinú àgbá tó ń jó dáadáa. Ẹ fi àkọ́kọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè mọ bí omi ìgbẹ́ náà ṣe ń wú u fúnra rẹ̀. Ẹ da ṣíbí kékeré méjì ṣúgà sí ìkejì. Ẹ da ṣúgà kan náà sí ìkẹta, kí ẹ fi ife kékeré kan ìdọ̀tí tí ẹ ń fura sí kún un. Ẹ fi bàlúùnù ọmọdé bo ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi rọ́bà dì í, ẹ gbé wọn síbi tó móoru, tí oòrùn ò ti tàn sí wọn, tí iná ò sì sí nítòsí. Ẹ máa wò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ìkẹta yẹ kó wú tó ìkejì, ó tilẹ̀ yẹ kó jù ú lọ, nítorí oúnjẹ tirẹ̀ pọ̀ jù. Tí ìkejì bá wú tí ìkẹta sì rọ̀ jọwọlọ, ẹ ti rí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bàlúùnù lè tan èèyàn, torí gáàsì tí kò jó náà ń wú u. Nítorí náà, lọ́jọ́ kẹwàá, ẹ ki pépà pH bọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó bá ti bọ́ sílẹ̀ ju 6.5 lọ ti ń kan, bó ti wù kí bàlúùnù rẹ̀ sanra tó.

Eérú táyà odò ẹran wa, mo gbé e sínú irú ike bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, bàlúùnù ṣúgà ti dìde dúró. Ti eérú táyà ṣì dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike bí etí ajá.

Bí a ṣe tún un ṣe kò ní ariwo nínú. A bẹ àwọn alápatà, wọ́n gbé ibi ìwíwí padà sí ẹ̀yìn ọgbà, a sì mọ ebè sílẹ̀ kí omi ibẹ̀ má bàa tọ ọ̀nà tiwa mọ́. A fa ààbọ̀ omi inú àgbá jáde. A lọ bu omi dúdú láti àgbá mìíràn tó ń ṣe dáadáa, a fi kún un. A fi eérú ẹ̀ẹ̀pó kòkó díẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, gbé pH sókè, níwọ̀nba, torí ó ní tirẹ̀ tó ń ṣe tó bá pọ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni iná tó jó búlúù. Igi ni ìyá alámàlà fi dáná ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, wọn ò sì jẹ́ kí n gbàgbé.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè púpọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Méjì ni mo kọ sílẹ̀ níbí.

Màmá kan tó ń sin adìẹ béèrè pé, "Ọmọ mi, ìgbẹ́ adìẹ tèmi ńkọ́? Ṣé kí n máa dà á nù ni?" Mo ní, ẹ má dà á nù, mà. Kí síǹkì tó rí àgbá yín mú, amóníà inú ìgbẹ́ adìẹ, ohun tó ń ta yín nímú yẹn, ni yóò kọ́kọ́ bá a jà. Ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù àti ewéko, kí tirẹ̀ má pọ̀ jù, kí ẹ sì bu omi sí i dáadáa. Tí ẹ bá ń fi bàbà aláwọ̀ búlúù sómi adìẹ, kí ẹ má rọ ìgbẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn sí àgbá.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ló béèrè ìkejì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi ìgbẹ́ tí ẹ fà jáde nínú àgbá odò ẹran yẹn, níbo lẹ dà á sí?"

Ìbéèrè tí n kò fẹ́ kí wọ́n bi mí gan-an nìyẹn. Èyí tí a fà jáde lẹ́yìn àyẹ̀wò, a sá a gbẹ lórí ọ̀rá, a dì í sínú àpò, ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ̀, arákùnrin kan tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ létí ibẹ̀ ti gbé jẹ́ríkàn bí ogún lọ. Èmi fúnra mi ni mo ní kó wá gbé e. Nígbà tí èsì dé, mo lọ bá a lóko. Ẹ̀fọ́ náà tutù yọ̀yọ̀, n kò rí irú ẹ̀ rí. Mo ṣàlàyé fún un, ó dákẹ́, ó wo ẹ̀fọ́, ó wò mí, ó ní, "Ta ni yóò san owó ẹ̀fọ́ mi?" Mo san án. A tu gbogbo rẹ̀ dànù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, èmi àti òun, ó sì ti gbin gẹdú sí apá ibẹ̀ báyìí.